Físà Kisarazu: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an láàrin Japan àti Nàìjíríà?

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, bí ẹ bá ṣí WhatsApp l'Abẹ́òkúta, ìròyìn kan náà lẹ ó bá níbẹ̀: wọ́n ní Japan ti ya ìlú kan tó ń jẹ́ Kisarazu sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì ti ṣe físà àkànṣe fún ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́. Wẹ́dà ní Lafẹ́nwá ń bèèrè ọ̀nà, télọ̀ ní Kútọ̀ ń bèèrè, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnlú tán ń bèèrè. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ìjọba Japan fi jáde pé kò sí físà kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti wọ́gi lé ètò tí ìròyìn náà dá lé lórí pátápátá.

Ìbéèrè kò tíì tán o. Àwọn kan gbà pé Japan ló yẹ àdéhùn. Àwọn kan ní Abuja ló parọ́. Àwọn mìíràn gbà pé físà náà ṣì wà níbì kan, àjẹ́ńtì tó mọ ọ̀nà la kò tíì rí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ju físà lọ. Orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ tí wọ́n ń bí kò tó òkú tí wọ́n ń sin, òmíràn sì wà tí ọ̀dọ́ pọ̀ tí iṣẹ́ kò kárí wọn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n kéde gan-an?

Láti ọdún 1993 ni Japan ti máa ń pe àwọn olórí Áfíríkà sí ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní TICAD. Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án irú rẹ̀ wáyé ní Yokohama láti ọjọ́ 20 sí 22 oṣù kẹjọ 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21, JICA, àjọ ìjọba Japan tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, so ìlú mẹ́rin ní Japan pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Áfíríkà: Kisarazu mọ́ Nàìjíríà, Nagai mọ́ Tanzania, Sanjo mọ́ Gánà, Imabari mọ́ Mozambique. JICA Africa Hometown ni wọ́n sọ ètò náà. Wọ́n fún aṣojú kálukú ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pàṣípààrọ̀ lọ: kí àwọn ọ̀dọ́ máa bẹ ara wọn wò, kí àwọn ará Japan tó ń yọ̀ǹda ara wọn máa lọ ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, kí wọ́n jọ máa ṣe àjọ̀dún àti eré ìdárayá. Kisarazu kò ṣàdédé bọ́ sí ọ̀dọ̀ Nàìjíríà. Ìlú kékeré ni ní ìpínlẹ̀ Chiba, omi ló pààlà òun àti Tokyo, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì pé 140,000. (Ìkànìyàn 2006 ka èyí tó ju 440,000 lọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta.) Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, Kisarazu gba àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà lálejò. Okùn yẹn ni wọ́n fẹ́ máa fà lọ. Olórí ìlú náà, Yoshikuni Watanabe, sọ lẹ́yìn náà pé eré baseball àti softball láti fi tọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni àwọn ní lọ́kàn.

Níbo wá ni físà ti wọ ọ̀rọ̀?

Láti Abuja ni. Ní ọjọ́ 22, ilé iṣẹ́ ààrẹ gbé àtẹ̀jáde kan síta pé ìjọba Japan yóò ṣe físà àkànṣe fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ìmọ̀ àti ẹ̀bùn wọn peregedé, tí wọ́n bá fẹ́ kó lọ sí Kisarazu láti máa gbé kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kún un, pé ẹni tó bá ṣetán láti kọ́ṣẹ́ sí i yóò jẹ nínú àǹfààní náà. Gbólóhùn yìí ló fọ́n káàkiri. Ìwé ìròyìn kan ní Tanzania náà kọ ọ́ gàdàgbà pé Japan ti ya Nagai sọ́tọ̀ fún Tanzania. Nígbà tí ìròyìn wọ̀nyí padà dé etí àwọn ará Japan, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé wọ́n ti fi ìlú wọn tọrẹ.

Ní ọjọ́ 25, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Japan jáde pé kò sí ètò láti kó àtìpó wá láti Áfíríkà, kò sì sí físà àkànṣe kankan, ó sì ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe. Kò pẹ́ tí Abuja fi yọ ọ̀rọ̀ físà náà kúrò. Ẹni tó bá mọ ojú tí Abuja fi ń wo ọ̀dọ́ tó ń jáde lọ (ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ nísàlẹ̀) kò ní yà á lẹ́nu pé ibi físà ni wọ́n gbọ́ ọ sí.

Kí ló dé tí àwọn ará Japan fi gbaná jẹ?

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àsìkò tí kò dára. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin àgbà, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tó ń jẹ́ Sanseito, tí ariwo rẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Japan ni kó ṣáájú, sì gba ìjókòó 14 nínú ìdìbò náà. Àjèjì ni gbogbo ènìyàn ń sọ lẹ́nu. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà ni ìròyìn Kisarazu já lù wọ́n. Fóònù kò sinmi ní ọ́fíìsì àwọn ìlú náà, ímeèlì ń rọ́ wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn kan sì lọ fẹ̀hónú hàn níwájú ilé JICA ní Tokyo.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá àgbà JICA, Akihiko Tanaka, kéde pé àwọn ti fà sẹ́yìn. Ó ní orúkọ tí wọ́n fún ètò náà wà lára ohun tó ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí ẹrù tó gbé kà wọ́n lórí. Ó tẹnu mọ́ ọn pé JICA kò fìgbà kan ṣètò láti kó àtìpó wọ Japan.

Ṣé lóòótọ́ ni ènìyàn ń dínkù ní Japan?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní ọdún 2024, ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ 686,061. Láti 1899 tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ títí di ọdún náà, kò kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó kú lọ́dún kan náà tó 1.6 mílíọ̀nù. Àlàfo tó ju 900,000 lọ ló ṣí sílẹ̀ láàrin ọdún kan ṣoṣo, èyí tó tó ìlọ́po méjì gbogbo àwọn tí ìkànìyàn 2006 bá ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì Abẹ́òkúta. Tí a bá pín in dọ́gba, obìnrin kan ní Japan ń bí ọmọ 1.15, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó nǹkan bíi 2.1 kí iye ènìyàn má baà dínkù. Ọdún 2008 ni wọ́n pọ̀ jù, 128 mílíọ̀nù. Àwọn onímọ̀ ìjọba wọn ṣírò rẹ̀ ní 2023 pé ní 2070, yóò ku 87 mílíọ̀nù, ẹnì kan nínú mẹ́wàá nínú wọn yóò sì jẹ́ àjèjì.

Bẹ́ẹ̀ Japan náà ti bẹ̀rù àpọ̀jù ọmọ rí, ìtàn tí kì í sábà wọ inú ìròyìn wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun àti àwọn tó ti tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí Japan gbà rọ́ padà wálé, oúnjẹ kò tó, obìnrin kan sì ń bí ọmọ tó lé ní mẹ́rin. Ní 1948 wọ́n ṣe òfin tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún oyún ṣíṣẹ́, ìpolongo ìfètòsọ́mọbíbí sì tẹ̀ lé e. Ọmọ 4.54 tí obìnrin kan ń bí ní 1947 ti di 2.04 nígbà tó fi máa di 1957. Òfin 1948 yẹn kan náà ni wọ́n lò láti fipá sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláàbọ̀ ara di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Japan dájọ́ pé apá yẹn lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, lásìkò ogun, ìjọba ti rọ obìnrin pé kí wọ́n bímọ jọ. Ẹni tí ìjọba rẹ̀ ti sọ pé kó bí, tó tún sọ pé kó má bí, kì í yára gbọ́rọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdí tí wọn kò fi bímọ tó mọ́ kò farasin. Ìgbéyàwó ń pẹ́, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ṣe é, kí wọ́n sì bímọ láìṣe ìgbéyàwó kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ilé wọ́n ní Tokyo, wákàtí iṣẹ́ gùn, iṣẹ́ ilé wà lọ́rùn obìnrin. Láti 1994 ni ìjọba ti ń gbé ètò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní 2023 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Láti oṣù kẹwàá 2024, ọmọ kẹta nínú ilé ń gba 30,000 yẹ́ẹ̀nì lóṣù títí yóò fi tó ọjọ́ orí ẹni tó ń jáde ilé-ìwé girama. Iye ọmọ kò tíì gòkè.

Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ fún wọn?

Ibí yìí gan-an ni ìjà wà. Ọ̀rọ̀ ìjọba Japan láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé àwọn kò ní ìlànà gbígba àtìpó. Àjèjì sì ń wọlé, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi ń pe ìwọlé wọn. Ní 1990, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ará Japan tó ti kó lọ sí Brazil. Ní 1993, ètò ìkọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé, ọ̀dọ́ yóò wá kọ́ṣẹ́ kó lè lọ fi tún ìlú rẹ̀ ṣe; lójú iṣẹ́, oko àti ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ti ẹja ló ń rí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò lè fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń sá. Ní 2023 nìkan, 9,753 ló pòórá mọ́ àwọn ọ̀gá wọn lójú.

Oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n tó gbà ní gbangba pé òṣìṣẹ́ ni àwọn ń wá. Físà tó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní SSW, wà fún àwọn iṣẹ́ tí ọmọ ìlú kò tó láti ṣe: ìtọ́jú arúgbó, ilé kíkọ́, iṣẹ́ oko, ilé oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Ìpele kìíní kò ju ọdún márùn-ún lọ, kò sì sí àyè fún ìyàwó tàbí ọkọ tàbí ọmọ. Ẹni tó bá yege dé ìpele kejì ló lè máa sọ ọ́ dọ̀tun, kó sì mú ìdílé wá. Ní 2024, ìjọba fi òdiwọ̀n 820,000 sí i fún ọdún márùn-ún. Ètò ìkọ́ṣẹ́ ti 1993 náà ń kógbá wọlé: òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 ní òmíràn yóò rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2027, èyí tí yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè yí ọ̀gá padà bó bá kúnjú ìwọ̀n.

Ní oṣù kẹwàá 2024, òṣìṣẹ́ àjèjì ní Japan jẹ́ 2.3 mílíọ̀nù, àwọn ará Vietnam ló pọ̀ jù, Ṣáínà àti Philippines tẹ̀ lé wọn. Gbogbo àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ nígbà tí ọdún náà parí jẹ́ 3.77 mílíọ̀nù, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Nàìjíríà kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ nínú wọn.

Kí ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí?

Àwọn ilé-iṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní bí àjèjì kò bá wá, iṣẹ́ yóò dúró. Ní 2022, ẹ̀ka ìwádìí JICA fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí ọrọ̀ ajé bá máa dàgbà bí ìjọba ṣe fẹ́, Japan yóò nílò òṣìṣẹ́ àjèjì 6.74 mílíọ̀nù ní 2040. Àjọ tó ṣe ìṣirò yẹn ló tún wá gbé ètò Kisarazu jáde, ẹni tó bá ti ń fura tẹ́lẹ̀ kò ní ṣòro fún láti so méjèèjì pọ̀.

Àwọn tó lòdì kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn kan ń bẹ̀rù àṣà, èdè àti ààbò. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ tiwọn kì í jáde tó, ní òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá fi owó kún owó oṣù tàbí kí wọ́n ra ẹ̀rọ. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì wà lápá kejì pátápátá, tí wọ́n ní ìwọ̀sí ni kí orílẹ̀-èdè gba iṣẹ́ ènìyàn kó má gba ènìyàn náà àti ọmọ rẹ̀.

Ní báyìí, ọwọ́ ìjọba ń le sí i. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2025, owó ìdókòwò tí àjèjì gbọ́dọ̀ ní kó tó gba físà oníṣòwò kúrò ní 5 mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì, ó di 30 mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ 21, Sanae Takaichi di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀, ó sì yan mínísítà kan tí ọ̀rọ̀ àjèjì wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Àwa ńkọ́, kí ni Nàìjíríà ń fẹ́?

Ní 1988, lábẹ́ Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ìlànà àkọ́kọ́ lórí iye ènìyàn jáde, ó sì rọ obìnrin pé kó má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ bèèrè nígbà náà pé mélòó ni ti ọkùnrin tó níyàwó mẹ́ta. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2004, wọ́n tún un ṣe ní 2022. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2023 sí 2024 fi hàn pé obìnrin kan ń bí ọmọ 4.8, 5.3 ni ní 2018. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé a tó 232 mílíọ̀nù ní 2024. Àfojúbù ni, nítorí 2006 la kànìyàn kẹ́yìn, tí wọ́n bá 140 mílíọ̀nù, tí Ògùn sì ní 3.75 mílíọ̀nù. Èyí tó yẹ kó wáyé ní 2023, wọ́n sún un síwájú.

Ọmọ laṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tó wọn, nítorí náà ojú tí ìjọba fi ń wo ọ̀dọ́ tó ń jáde lọ ti yí padà. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ètò kan tó ń jẹ́ NATEP, tó fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà máa ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, yálà wọ́n jókòó sílé tàbí wọ́n lọ bá wọn níbẹ̀. Owó tí àwọn tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé sì tó nǹkan bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Àwọn tó kọminú sí i ní àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí a fi owó ìlú kọ́ ni Ìlú Ọba àti Kánádà ń kó lọ, títí tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi gbé ìlànà jáde ní 2024 lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń lọ.

Ṣé Ògùn kì í gbára lé òṣìṣẹ́ àjèjì ni?

Ó ń gbára lé wọn, a kì í kàn pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ lébírà tó ń roko ní ìpínlẹ̀ yìí ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wá, wọ́n gba Ìdí-Ìrókò tàbí Ìmẹ̀kọ wọlé. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn láàyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Èyí tó burú jù nínú ìtàn náà jáde ní 2003: àwọn ọmọdé tó lé ní 200, tí wọ́n kó wá láti agbègbè Zakpota ní Benin, ń fọ́ òkúta ní àwọn kúárì tó yí Abẹ́òkúta ká. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà sílé.

Àwọn àjèjì olówó gọbọi náà wà. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Láàderin ń jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Òfin ní ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó fi àjèjì sípò tí ọmọ Nàìjíríà lè ṣe. Ní oṣù kejì 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde owó kan lórí wọn: 15,000 dọ́là lọ́dún fún ọ̀gá pátápátá, 10,000 fún àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò pariwo pé yóò lé àwọn olùdókòwò lọ, wọ́n sì dá a dúró lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ariwo tí àwọn ará Japan ń pa kò sì ṣàjèjì sí wa: ní 1969, Gánà lé ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá, ní 1983, Ààrẹ Shehu Shagari lé àwọn ará Gánà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nígbà tí owó epo já wálẹ̀. Báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù ṣì wà lọ́jà Ìtòkú.

Ọ̀nà wo ló wà fún ẹni tó fẹ́ lọ Japan?

Ọ̀nà tó wà kí Kisarazu tó ṣẹlẹ̀ náà ló ṣì wà. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé lè wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ MEXT, tí ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní Abuja máa ń kéde, tàbí ABE Initiative ti JICA, tó ti ń gba ọmọ Áfíríkà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti 2014. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba àṣẹ lè fi wákàtí 28 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Físà SSW kò ti ọmọ Nàìjíríà mọ́ta, ṣùgbọ́n ó ní ìdánwò èdè Japan, ìdánwò iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àti ọ̀gá ní Japan tó ti gbà láti gba ènìyàn síṣẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà ni Japan bá ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú àdéhùn tó mú ọ̀nà yẹn rọrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń fi ènìyàn síṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ènìyàn sì ti lè bèèrè bóyá orúkọ àjẹ́ńtì kan wà nínú ìwé wọn.